Kọfí, Oorun àti Ọpọlọ: Ohun tí Ìwádìí Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀ àti Ohun tí Kò Tíì Fìdí Múlẹ̀

Ní ọdún 2021, ìwádìí méjì jáde lórí kọfí tó dà bí ẹni pé wọ́n takora. Ọ̀kan ní ẹni tó ń mu ife kọfí méjì sí mẹ́ta lójúmọ́, tó sì ń mu tíì níwọ̀n bẹ́ẹ̀, ewu àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó lára rẹ̀ fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ẹni tí kò mu ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èkejì ní ẹni tó ń mu ju ife mẹ́fà lọ lóòjọ́, ewu àrùn kan náà fi ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ẹni tó ń mu ife kan sí méjì lọ, ọpọlọ irú wọn sì máa ń kéré díẹ̀ bí a bá wọ̀n ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò fura sí ni pé inú àkójọ ìsọfúnni kan ṣoṣo ni ìwádìí méjèèjì ti jáde, ìyẹn UK Biobank, tó kó ọ̀rọ̀ ìlera nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn jọ ní Bìrìtéènì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láìka èkejì yóò kàn gbé ẹ̀bi tàbí àre fún kọfí láìtíì gbọ́ ẹjọ́ tán ni. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé ìbéèrè bóyá kọfí dára fún ọpọlọ kì í ṣe ìbéèrè kan. Mẹ́ta ni: ohun tí kọfí ń ṣe fún ọpọlọ lónìí, ohun tó ń ṣe sí oorun lálẹ́, àti ohun tó lè ṣe fún ọpọlọ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ sì rọ̀ jù nínú wọn ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò sí iyàn lórí rẹ̀. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ jù nínú kọfí ni káfíìnì, tí Friedlieb Ferdinand Runge, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, yọ jáde láti inú kóró kọfí ní 1819. Òun náà ló wà nínú tíì, nínú obì àbàtà àti nínú gbànja. Ẹni tó ń rún obì lẹ́nu kí oorun má baà gbé e lọ àti ẹni tó ń po kọfí, ohun kan náà ni wọ́n ń lò. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí láàárọ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹ́nósìn ti ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Àwọn ibìkan wà lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó dà bí àga tí wọ́n tò sílẹ̀ fún adẹ́nósìn nìkan. Bó bá ṣe ń jókòó sórí wọn ni iṣẹ́ ọpọlọ ń rọlẹ̀, tí ojú ń wúwo, tí oorun ń kùn ún. Káfíìnì jọ adẹ́nósìn débi pé ó lè gba àga náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí adẹ́nósìn ń ṣe níbẹ̀. Adẹ́nósìn á wà lóòró, á máa pọ̀ sí i, kò ní rí ibi jókòó. Nítorí náà, kò tọ́ ká sọ pé kọfí ń fún ọpọlọ lágbára. Àárẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ọpọlọ ni kò gbọ́ nípa rẹ̀. Káfíìnì kì í sì í tètè kúrò lára: nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì èyí tí wọ́n mu tó jáde. Lára aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, ó lè tó wákàtí 15, nígbà tó jẹ́ pé ara ẹni tó ń mu sìgá máa ń tètè lé e jáde. Jíìnì tí a jogún náà ní ipa tirẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ gbogbo wa kì í fọ́ káfíìnì túútúú bákan náà. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí ẹnì kan fi lè mu kọfí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kó sì sùn fọnfọn, tí ẹnìkejì rẹ̀ á mu tirẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán tí kò ní fojú ba oorun títí di òru.

Ní ti ọpọlọ òní, ẹ̀rí wà dáadáa pé káfíìnì ń la ojú, ó ń jẹ́ kí ènìyàn tètè fèsì, ó sì ń dín àṣìṣe kù lọ́wọ́ ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu. Awakọ̀ tó ń rìnrìn àjò òru àti nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ń jàǹfààní rẹ̀ ní tòótọ́. Àmọ́ ti ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, tó sì ń sùn dáadáa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ní 2010, Peter Rogers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bristol kó ènìyàn 379 jọ, wọ́n ní kí wọ́n yẹra fún káfíìnì fún wákàtí 16, lẹ́yìn náà wọ́n fún àwọn kan ní káfíìnì, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tí kọfí ti mọ́ lára tí wọn kò rí káfíìnì gbà ní orí fífọ́, ara wọn kò sì yá gágá. Àwọn tí kọfí ti mọ́ lára tí wọ́n sì rí i gbà, ara wọn yá, ṣùgbọ́n kò yá ju ti àwọn tí kì í sábà mu kọfí tí wọn kò sì rí nǹkan kan gbà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé apá ńlá nínú adùn ife àárọ̀ jẹ́ àtúnṣe ohun tí àìmu rẹ̀ láti àná ti bàjẹ́. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀, DSM-5, ti ka ìnira ìdáwọ́ káfíìnì dúró mọ́ ohun tí wọ́n ń tọ́jú láti 2013. Orí fífọ́ rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè fà á títí di ọjọ́ kẹsàn-án. Èyí kò sọ kọfí di oògùn olóró. Ohun tó sọ ni pé kí a má ṣe fi bí ara ṣe ń yá wa lẹ́yìn ife àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀rí pé ọpọlọ wa ti sàn ju ti ẹni tí kò mu ún lọ.

Ìbéèrè kejì ni oorun, níbẹ̀ sì ni mo gbà pé ìdájọ́ kọfí pọ̀ sí jù. Ní 2013, Christopher Drake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Detroit fún àwọn ènìyàn ní mílígíráàmù 400 káfíìnì, èyí tó tó ife kọfí mẹ́rin, ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sùn. Oorun wọn fi ju wákàtí kan lọ dín. Ohun tó yẹ kó jẹ wá lógún jù ni pé àwọn fúnra wọn kò mọ bí ohun tí wọ́n pàdánù ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn tí wọ́n lò kò ju 12 lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí bá bí káfíìnì ṣe ń pẹ́ lára mu. Oorun ni àkókò tí ọpọlọ fi ń to ohun tí a kọ́ lójú mọmọ sí ààyè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kọfí àti gbànja rọ́jú ka ìwé di afẹ̀mọ́júmọ́, tó sì bọ́ sí gbọ̀ngàn ìdánwò láìsùn, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohun tó kà kò tíì jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ìdánwò. Nínú ìwádìí Whitehall II ní Bìrìtéènì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n tọpa nǹkan bí 8,000 ènìyàn fún ọdún 25. Àwọn tó ń sùn wákàtí mẹ́fà tàbí kó dín láti ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ewu àrùn ìgbàgbé lára wọn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tó ń sùn wákàtí méje. Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìdá 28 tí kọfí àti tíì ní àwọn lè dín kù. Bí kọfí tí ènìyàn ń mu láti dáàbò bo ọpọlọ bá ń jẹ oorun rẹ̀ ní wákàtí kan lóru, ohun tó ń rò pé òun jèrè lè ti bọ́ síbòmíràn.

Ìbéèrè kẹta, tó kan ọjọ́ ogbó, gba kí a ya àrùn méjì sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ara le, tí ẹsẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà dopamine nínú ọpọlọ ń kú. Níhìn-ín, ọwọ́ kọfí mọ́. Ní Honolulu, wọ́n tọpa ọkùnrin 8,004 tó jẹ́ ọmọ Japan ní Amẹ́ríkà fún ọdún 30, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 2000: láàárín àwọn tí kì í mu kọfí, ẹni tó bọ́ sínú àrùn yìí fi ìlọ́po márùn-ún ju ti àwọn tó ń mu ún jù lọ. Ìwádìí míràn ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù tún ti tọ́ka sí ọ̀nà kan náà. Kọfí tí wọ́n ti yọ káfíìnì inú rẹ̀ kúrò kì í sábà ní àǹfààní yìí, èyí sì fi hàn pé káfíìnì gan-an ló ń ṣiṣẹ́. A tún mọ ọ̀nà tó lè gbà ṣe é, torí pé ọ̀kan nínú àwọn àga adẹ́nósìn, èyí tí wọ́n ń pè ní A2A, pọ̀ gan-an ní apá ọpọlọ tí Parkinson ń bà jẹ́. Nínú eku, káfíìnì dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́ májèlé. Oògùn kan tí ń jẹ́ istradefylline, tó ń gba ìjókòó A2A bíi ti káfíìnì, ti gba àṣẹ ní Japan ní 2013 àti ní Amẹ́ríkà ní 2019 láti ran àwọn alárùn Parkinson lọ́wọ́. Síbẹ̀, ààlà wà fún ohun tí kọfí lè ṣe. Ronald Postuma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí àrùn náà ti mú ní hóró káfíìnì, wọ́n sì kéde ní 2017 pé gbígbọ̀n àti líle ara wọn kò sàn ju ti àwọn tó gba hóró asán. Ohun tó lè dènà àrùn kì í ṣe ohun tó ń wò ó sàn dandan.

Àrùn kejì ni ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, tí Alzheimer jẹ́ olórí rẹ̀, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí rẹ̀ ni CAIDE ti Finland, orílẹ̀-èdè tó wà lára àwọn tó ń mu kọfí jù láyé. Ènìyàn 1,409 ni wọ́n tọpa fún nǹkan bí ọdún 21. Ní 2009 wọ́n kéde pé àwọn tó ń mu ife mẹ́ta sí márùn-ún lóòjọ́ ní àárín ọjọ́ ayé wọn, ewu àrùn yìí fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún dín lára wọn. Iye yìí dùn ún gbọ́, òun sì ni ìpolówó kọfí ń tún sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí àrùn ìgbàgbé mú nínú ìwádìí náà kò ju 61 lọ, nígbà tí a bá sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ènìyàn bíi mélòó kan péré lè yí èsì padà. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn ọkùnrin Honolulu, ìyẹn àwọn tí ìwádìí Parkinson lára wọn yọrí sí rere, wọn kò rí i pé kọfí tí wọ́n mu ní àárín ọjọ́ ayé wọn ní í ṣe pẹ̀lú àrùn ìgbàgbé. Ìṣòro tó wà nídìí irú ìwádìí báyìí ni pé ẹni tó ń mu kọfí yàtọ̀ sí ẹni tí kò mu ún ní ohun púpọ̀ yàtọ̀ sí kọfí. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń mu ún, ẹni tí kò mu ún lè jẹ́ ẹni tí dókítà ti kọ̀ ọ́ fún, tàbí tí àìsàn ti mú kó jáwọ́. Àrùn ìgbàgbé fúnra rẹ̀ a sì máa wọlé ní ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fojú hàn, ó sì lè ti yí ìṣesí ènìyàn padà kí ẹnikẹ́ni tó fura. Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti yẹra fún ìdàrúdàpọ̀ yìí nípa wíwo jíìnì tó ń mú kí àwọn kan máa mu kọfí ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé inú oyún ni wọ́n ti pín jíìnì fún olówó àti tálákà, fún aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nígbà tí wọ́n lo ọ̀nà yìí lára ènìyàn tó tó 415,530, tí wọ́n sì kéde èsì rẹ̀ ní 2018, wọn kò rí ẹ̀rí pé mímu kọfí ń mú iyè ènìyàn jí pépé sí i tàbí pé ó ń bà á jẹ́.

Alátakò lè sọ pé ohun tí mò ń béèrè ti pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ́lé fún ọgbọ̀n ọdún, kó máa fún àwọn kan ní kọfí kó sì fi dù àwọn yòókù. Bákan náà ni kò sẹ́ni tó ṣe é fún sìgá, síbẹ̀ a gbà pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Àtakò yìí lágbára, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Nígbà tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill kọ́kọ́ kọ̀wé lórí sìgá ní 1950, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn, ohun tí wọ́n ń rí ni pé ewu amusìgá fi ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti ẹlòmíràn, èsì náà sì ń jáde bákan náà níbi gbogbo. Bí sìgá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn kọfí, ti Parkinson kò jìnnà sí i: ìyàtọ̀ rẹ̀ tóbi, ó ń pọ̀ sí i bí ife ṣe ń pọ̀, ó jọra láti ìlú dé ìlú, a sì mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀. Ti àrùn ìgbàgbé kò kúnjú òṣùwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré, ìlú kan ń sọ pé ó wà, òmíràn ń sọ pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ni bí ife bá pọ̀ jù, àǹfààní a di ewu. Nítorí náà kì í ṣe pé mo kọ irú ẹ̀rí yìí. Ẹ̀rí kan náà ni mo fi gbà pé kọfí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nípa Parkinson. Òun náà ni kò jẹ́ kí n sọ ohun kan náà nípa ìgbàgbé.

Ẹ̀rí kan tún wà tí kò yẹ kó fo àwa Yorùbá dá. Láti 1992, Hugh Hendrie láti Yunifásítì Indiana àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti pé ọdún 65 ni gbogbo wọn. Èsì tó jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé ń mú ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó ń mú ìdá 3.24 ní Indianapolis. Kọfí kì í ṣe ohun mímu ojoojúmọ́ àwọn àgbà Ìdíkàn. Ti Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tó ń mu kọfí ni. Bó bá jẹ́ pé káfíìnì ni odi tó ń dáàbò bo iyè, ibi tí kọfí pọ̀ sí ló yẹ kí àrùn náà ti dín. Ẹnì kan lè ní obì tí àwọn àgbà wa ń jẹ ni kọfí tiwọn. Ó ṣeé sọ, ṣùgbọ́n kò lè ru ẹrù ìyàtọ̀ tó ju ìlọ́po méjì lọ, nígbà tí àwọn ọkùnrin Honolulu tó ń mu kọfí kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ọgbọ́n mu ni ká wo ibòmíràn: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n wọ́pọ̀ lára àwọn ará Indianapolis ju ti Ìbàdàn lọ. Àbájáde yìí kò ta kọfí dànù. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ fún wa ibi tí ẹrù wà.

Àtakò kejì wá láti òdìkejì. Àwọn kan ní kọfí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ pọ̀, ó sì ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ràn ọpọlọ rẹ̀ sá fún un. Lóòótọ́ ni mílígíráàmù 250 káfíìnì lè dín ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sínú ọpọlọ kù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà díẹ̀. Lóòótọ́ sì ni mílígíráàmù 200 sí 300 ń gbé ìfúnpá òkè lọ sókè ní nǹkan bí òǹkà mẹ́jọ, tí yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ara ẹni tó ń mu ún déédéé máa ń mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwádìí tó tọpa ènìyàn fún ọdún pípẹ́ kò fi hàn pé ẹni tó ń mu ún níwọ̀nba ń ní rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí kì í mu ún lọ. Ó tilẹ̀ wọ́pọ̀ kí àtọ̀gbẹ ọlọ́jọ́ orí, ìyẹn irú kejì, dín lára àwọn tó ń mu kọfí, pẹ̀lú káfíìnì tàbí láìsí i. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wọ ìkáwọ́, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já ṣáá, ẹni tí oorun rẹ̀ kò dúró, àti aboyún. Ọ̀nà tí a ń gbà po kọfí náà ṣe pàtàkì. Kọfí tí wọ́n sè láìfi bébà sẹ́ ẹ ní ọ̀rá tó ń gbé kolẹ́sítọ́rọ́ọ̀lù sókè. Kọfí ìyẹ̀fun tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yẹn. Ṣúgà tí wọ́n ti pò mọ́ ọn nínú sáṣẹ́ẹ̀tì ni ká máa bẹ̀rù.

Ibo wá ni gbogbo rẹ̀ já sí? Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní 2015 pé káfíìnì tí kò bá ju mílígíráàmù 400 lọ lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kí èyí tó máa mu lẹ́ẹ̀kan má sì ju 200 lọ. Fún aboyún, 200 ni fún gbogbo ọjọ́. Ife kọfí tí a sè ní nǹkan bí 95, ti ìyẹ̀fun ní nǹkan bí 60, nítorí náà ife mẹ́ta sí mẹ́rin kò kọjá ààlà. Ẹni tó bá ń mu irú èyí láàárọ̀ títí di ọ̀sán kò ní ìdí láti bẹ̀rù fún ọpọlọ rẹ̀, ó sì lè máa fi ọkàn balẹ̀ pé ewu Parkinson lára òun ti dín. Ẹni tí kì í mu ún kò ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀ nítorí ìgbàgbé. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet to ohun 14 tí ọwọ́ ènìyàn lè ká, tí wọ́n sì lérò pé nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn ìgbàgbé láyé ti ọwọ́ wọn wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, kolẹ́sítọ́rọ́ọ̀lù, sìgá, ọtí àmujù, etí dídi tí a kò tọ́jú, ojú tí kò ríran mọ́, àìkàwé tó, àìṣeré ìdárayá àti dídá nìkan gbé. Kọfí kò sí lára wọn, yálà fún rere tàbí fún búburú. Ẹni tí kò wọn ìfúnpá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tó ń sùn wákàtí márùn-ún, tó wá ń wá ìwòsàn nínú ife, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Kó kọ́kọ́ sùn tó, kó sì lọ wọn ìfúnpá rẹ̀; lẹ́yìn náà, bó bá wù ú, kó mu kọfí rẹ̀ ní òwúrọ̀, nítorí pé ó dùn.